Orí Kẹrin: Ẹ̀wà fún Oúnjẹ Alẹ́

Nínú oúnjẹ mẹ́ta tí ìdílé ń jẹ lójúmọ́, ti alẹ́ ló ṣòro jù láti sè, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Ní àárọ̀, kálukú ń sáré. Ọmọ á mu ògì, bàbá á ra búrẹ́dì lọ́nà. Ní ọ̀sán, ọmọ wà nílé ìwé, òbí wà níbi iṣẹ́ tàbí lọ́jà, ohun tí kálukú bá rí ló ń jẹ. Alẹ́ nìkan ni ìkòkò kan ṣoṣo máa ń bọ́ gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n alẹ́ náà ló ti máa ń rẹ ẹni tí yóò dáná, tí iná mànàmáná lè má sí, tí ebi sì ti ń pa àwọn ọmọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń yára te ẹ̀bà, kí wọ́n fi ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù jẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n se Indomie fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè tètè sùn. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé oúnjẹ kan wà nílé wa tó rọrùn, tó ń yó gbogbo ilé, tó sì yẹ kó wà nínú àwo alẹ́ ju bó ṣe wà níbẹ̀ lọ. Ẹ̀wà ni. Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un lálẹ́, pé ó ń pẹ́ nínú, pé ó ń dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nínú ikùn, ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ̀wà tiwa, ìbáà ṣe olóyin, funfun tàbí pupa, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ń gbìn ín tó Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè é ní Vigna unguiculata. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, black-eyed ni orúkọ tí wọ́n ń kọ sára èyí tó ní ojú dúdú. Bí a bá gbé 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ sórí ìwọ̀n, nǹkan bíi 23 gíráàmù nínú rẹ̀ ni purotéènì, èròjà tí ara fi ń kọ́ iṣan, tó sì fi ń tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe. Nínú 100 gíráàmù gàrí, purotéènì kò tó 2 gíráàmù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìyá ilé ṣe ń ṣírò: bí ìdílé ẹni márùn-ún bá se ìdajì kílò ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bíi 115 gíráàmù purotéènì ló wà nínú ìkòkò yẹn, ìyẹn 23 gíráàmù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà tó wọn 60 kílò nílò nǹkan bíi 50 gíráàmù lójúmọ́. Ìkòkò ẹ̀wà kan ti fún un ní nǹkan bí ìdajì kí a tó sọ̀rọ̀ ẹran tàbí ẹja rárá.

Òótọ́ ni pé purotéènì ẹ̀wà ní ibi tó kù sí. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní methionine kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo àti ìrẹsì ní methionine tó tó. Lysine ló wọ́n nínú tiwọn, ẹ̀wà sì kún fún lysine. Nígbà tí a bá se ẹ̀wà mọ́ àgbàdo tí a pè é ní àdàlú, tí a bá fi ọ̀lẹ̀ jẹ ẹ̀kọ, tàbí tí a bu ìrẹsì àti ẹ̀wà sínú àwo kan, ọ̀kan ń dí àlàfo èkejì. Àwọn tó kọ́kọ́ pa àwọn oúnjẹ wọ̀nyí pọ̀ kò mọ orúkọ èròjà kankan, ohun tó ń mú ọmọ ta kébé ni wọ́n ń wò. Kò sì pọn dandan kí méjèèjì wà nínú àwo kan náà. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, tó wá jẹ ẹ̀wà lálẹ́, ti rí ohun tí ara rẹ̀ ń wá.

Nísinsìnyí, kí ló dé tó fi jẹ́ alẹ́? Ní ọdún 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi wọn bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Búrẹ́dì funfun ń gbé e sókè kíákíá. Ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbé e díẹ̀díẹ̀ jù. Ní 1988, Thomas Wolever, pẹ̀lú Jenkins àti àwọn mìíràn, wá rí ohun mìíràn. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní oúnjẹ alẹ́ tí kì í tètè gbé ṣúgà sókè, ní alẹ́ mìíràn wọ́n fún wọn ní èyí tó ń gbé e sókè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oúnjẹ àárọ̀ kan náà ni wọ́n jẹ. Lẹ́yìn alẹ́ tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí ń rọra dà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò gòkè tó ti òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé alẹ́ mìíràn yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ kò yàtọ̀. Oúnjẹ alẹ́ ń bá ara ṣiṣẹ́ mọ́jú, títí di ìgbà tí a bá tún fi nǹkan kan ẹnu.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni ohun tí àwọn onímọ̀ wá ń wádìí láti ìgbà náà. Apá kan nínú sítáàṣì àti okùn (fiber) inú ẹ̀wà kì í dà nínú ìfun kékeré, ṣe ló ń kọjá lọ sínú ìfun ńlá. Àwọn bakitéríà tó ń gbé ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọ́n á sì tú àwọn ásíìdì kéékèèké kan sílẹ̀ tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti lo ṣúgà dáadáa. Iṣẹ́ yìí ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ìdí nìyẹn tí òru fi bá a mu. Ní 2013, Anne Nilsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lund, ní orílẹ̀-èdè Sweden, fún àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn dá ní ẹ̀wà lálẹ́, wọ́n sì fún wọn ní búrẹ́dì funfun ní alẹ́ mìíràn. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé alẹ́ ẹ̀wà, ṣúgà àti insulin inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò gòkè púpọ̀, ebi kò sì pa wọ́n tó ti àárọ̀ tó tẹ̀ lé alẹ́ búrẹ́dì. Ó tọ́ kí a fi òtítọ́ kún un: ìwádìí kékeré ni, àwọn tí wọ́n wò kò pé ogún, ẹ̀wà tí wọ́n lò kì í sì í ṣe irú tiwa gan-an, ó wá láti inú ẹbí ẹ̀wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ gbìn. Síbẹ̀, sítáàṣì tí kì í tètè dà àti okùn wà nínú tiwa náà, ohun tí Toronto sì ti rí tẹ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Fún ilé tí àtọ̀gbẹ ti wọ̀, tàbí tí ó wà nínú ìran wọn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìpínrọ̀ tó kọjá á ti rí ibi tí afẹ́fẹ́ inú ti ń wá. Bakitéríà kan náà tó ń jẹ àjẹkù ẹ̀wà ló ń dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Àwọn ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà, raffinose àti stachyose, tí ara ènìyàn kò ní ohun tí yóò fi fọ́ wọn. Bakitéríà ló ń bá wa fọ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ àǹfààní òru yẹn gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Ìbéèrè ni pé, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Donna Winham àti Andrea Hutchins dá a lóhùn ní 2011, nínú ìwádìí tí wọ́n ti fún àwọn àgbàlagbà ní ẹ̀wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nínú àwọn tó jẹ oríṣi méjì tí kì í ṣe tiwa, iye tó sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i kò tó ìdajì wọn. Nínú àwọn tó jẹ ẹ̀wà olójú dúdú, tiwa gan-an, ìpín 19 nínú 100 péré ni. Bí ọ̀sẹ̀ sì ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ráhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ráhùn mọ́, nítorí ikùn ń mọ́ ẹ̀wà lára. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó wá bu àwo ràgàjì kan, ló ń jìyà jù. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, kó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó rẹ ẹ́ sómi kó tó sè é, kó sì da omi ìrẹ nù, torí àwọn ṣúgà yẹn ń yọ́ sínú omi.

Wọ́n á ní ẹ̀wà wúwo lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, tí ènìyàn bá jẹ ẹ́ ní agogo mẹ́wàá tó sì lọ sùn ní mẹ́wàá ààbọ̀. Oúnjẹ tí ń rọra dà nílò wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí ènìyàn tó dùbúlẹ̀. Ẹni tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó máa ń dá dúró di alẹ́ pátápátá lè jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí àwọn ọmọ fi ní láti dúró dè é. Kí wọ́n jẹun ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a sì ń sọ pé ẹ̀wà wúwo, epo tó léfòó lórí rẹ̀ àti ìwọ̀n gàrí tí a dà sí i ló wúwo. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń dùn ún nìkan ni mo máa ní kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè, nítorí purotéènì àti potásíọ̀mù inú ẹ̀wà lè pọ̀ jù fún un.

Àríwísí tó lágbára jù ni ti àkókò àti gáàsì. Ẹni tó ti se ẹ̀wà fún wákàtí méjì tí kò rọ̀ kò ní í fẹ́ gbọ́ pé oúnjẹ alẹ́ tó rọrùn ni. Àmọ́ líle ẹ̀wà ní ìdí, a sì lè yanjú rẹ̀. Ohun tó so èso ẹ̀wà pọ̀ nínú ni pectin, ara rẹ̀ sì ni kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù ti ń dì í mú. Bí ẹ̀wà bá ti pẹ́ nínú àpò níbi tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin, ìdè yìí á túbọ̀ le, kò sì sí iná tí yóò tètè tú u. Nítorí náà, rírọ̀ ẹ̀wà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjà: ẹ̀wà tuntun ni kí a bèèrè, kí a má sì ra èyí tó máa pẹ́ nílé ju oṣù mélòó kan lọ. Èkejì ni iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé iyọ̀ ń mú ẹ̀wà le. Ìdàkejì rẹ̀ ni òtítọ́ bó bá jẹ́ omi ìrẹ ni a fi í sí: sódíọ̀mù inú iyọ̀ á gba ipò kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù lára pectin, èèpo á sì rọ̀. Ṣíbí tíì méjì sí lítà omi kan tó, kí a rẹ ẹ̀wà sínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kí a da omi náà nù, kí a sì fi omi mìíràn ṣan ẹ̀wà kí iyọ̀ má bàa pọ̀ jù. Bí a bá máa rẹ ẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tó wà nílé pààrọ̀ omi náà lọ́sàn-án, kó má bàa kan. Ẹ̀wà tuntun tí a rẹ báyìí lè rọ̀ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí; nínú ìkòkò tí ń há ooru mọ́nú, tí gbogbo èèyàn ń pè ní pressure pot, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 tó, nítorí omi inú rẹ̀ ń gbóná dé nǹkan bíi 120 ní ìwọ̀n Celsius, dípò 100.

Kán-ún ń kọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ. Ó ń tú pectin ká kíákíá. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń ba fítámì B1 jẹ́, èyí tó jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí a fi ń jẹ ẹ̀wà, ó sì ń fi sódíọ̀mù kún oúnjẹ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé tó bá ń rẹ ẹ̀wà sínú omi iyọ̀ kò nílò rẹ̀. Tòmátì, ní tirẹ̀, ń dá ẹ̀wà dúró: ohun kíkan ń mú kí pectin le sí i. Nítorí náà, kí ẹ̀wà rọ̀ dáadáa kí a tó da ata àti tòmátì sí i. Obìnrin tó ń se ẹ̀wà aganyin mọ èyí dájú. Ẹ̀wà rẹ̀ á rọ̀ títí á fi fọ́, ata á sì wà nínú ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí wá ni ẹni tó rẹ̀ lè sè gan-an? Ẹ̀wà ríro ni ìpìlẹ̀: ẹ̀wà tó ti rọ̀, ata rodo, àlùbọ́sà, epo pupa díẹ̀, àti ẹja gbígbẹ tí a ti yọ eegun rẹ̀. Ìkòkò kan ṣoṣo ni, kò sí ọbẹ̀ tí a óò tún sè. Ní àkókò àgbàdo tútù, àdàlú rọrùn bákan náà. Nígbà tí kò bá sí owó ẹja, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́, tí a sì dà sórí ẹ̀wà ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, ń sọ ọ́ di oúnjẹ mìíràn. Gbẹ̀gìrì ni mo fẹ́ràn láti gba ilé tó ní ọmọ kékeré nímọ̀ràn lé lórí. Ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀ ń tètè rọ̀, ìjábẹ̀ ló kù, ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò bí a kò bá tíì fi ata sí i. Bíbó yẹn ni iṣẹ́ inú rẹ̀. Kí a ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, kí a sá ẹ̀wà náà títí yóò fi gbẹ táútáú, kí a rọ ọ́ sínú ìgò. Ọ̀lẹ̀ dùn, ó sì ṣara lóore, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni. Bíbó, lílọ̀, pípọ́n sínú ewé eéran àti sísè rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ilé tó ní fíríìjì tí iná ń dé déédéé lè se ẹ̀wà alẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìfi ata sí i, kó pín in sínú ike, kó sì gbé e sínú fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì lẹ́yìn tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àǹfààní kan tilẹ̀ wà nínú rẹ̀: bí ẹ̀wà bá tutù, apá kan sítáàṣì rẹ̀ á yí padà di irú èyí tí kì í tètè dà. Ilé tí iná kò sí kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣà kí a gbé àjẹkù ẹ̀wà kaná lálẹ́, kí a tún gbé e kaná láàárọ̀, kò dá ààbò bo ẹnikẹ́ni. Bakitéríà kan wà, Bacillus cereus, tí èso rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bí oúnjẹ bá ń tutù lọ lórí tábìlì, á hù, á sì tú májèlé tí àtúngbóná kò lè pa sílẹ̀. Níbi tí kò sí iná, iṣẹ́ ẹ̀wà gbígbẹ ni kí a ṣe ṣáájú: kí a ṣa òkúta inú ẹ̀wà gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí a wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkòkò alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó ku rírẹ nìkan.

Ọ̀rọ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ náà kan oúnjẹ alẹ́. Ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ọmọ 68 nínú 100 láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, àti obìnrin 58 nínú 100 láàárín ọdún 15 sí 49, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà àti àrùn mìíràn wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀wà ní áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì ní folate tó pọ̀, èyí tí aláboyún nílò gan-an. Ìṣòro ibẹ̀ ni phytate, ohun kan nínú ẹ̀wà tó ń di áyọ́ọ̀nù mú kí ara má lè gbà á. Ohun méjì ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: fítámì C, àti ẹran tàbí ẹja, bó ti wù kó kéré mọ. Ooru ń ba púpọ̀ nínú fítámì C ata jẹ́, nítorí náà ọsàn kan tàbí ìbẹ́pẹ díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ń ṣe ju bí a ṣe rò lọ. Tíì, ní ìdàkejì, ń dènà áyọ́ọ̀nù. Kí ẹni tó fẹ́ mu ún jẹ́ kí oúnjẹ kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ fún wákàtí kan.

Ẹ̀rù kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí wọ́n rí dichlorvos, oògùn apakòkòrò, nínú rẹ̀ láti 0.03 dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílò kan, nígbà tí òdiwọ̀n wọn jẹ́ 0.01. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà ló ń fín in sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Fífọ̀, rírẹ àti sísè ń dín in kù, kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀nà mìíràn sì wà tí kò ní oògùn kankan nínú: ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cameroon ṣe àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì wà nínú àpò kan. Bí a bá dì í pa, kòkòrò inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tán, á sì kú. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dá owó ra àpò ẹ̀wà kan lẹ́yìn ìkórè, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń ra kóńgò kan lè wo ẹ̀wà tó ní ihò kòkòrò díẹ̀ lára pẹ̀lú ojú rere. Ihò náà jẹ́ àmì pé kòkòrò rí i jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú pátápátá.

Owó ẹ̀wà lọ sókè gan-an ní 2024, ọ̀pọ̀ ilé sì dín in kù. Mo gbà pé ìnira náà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n kóńgò kọ́ ni kí a fi wọn ẹ̀wà mọ́ gàrí, ohun tí ara rí gbà nínú rẹ̀ ni. Bí owó kò bá gbé ìdajì kílò ẹ̀wà, kí ìyá ilé lo ìlàta rẹ̀, kó fi àgbàdo kún un ní àdàlú. Purotéènì rẹ̀ á dín, ṣùgbọ́n ara á túbọ̀ lo èyí tó wà níbẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ á sì yó. Ọmọ tó ní òun kì í jẹ ẹ̀wà, dòdò díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń mú un jẹ ẹ́. Kí wọ́n bu ṣíbí mélòó kan péré fún un ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má fi ipá mú un, kí wọ́n sì tún gbé e síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà.